Talos àti Ṣàngó: Ọba Méjì Tí Wọ́n Ní Wọn Ò Kú

Nínú géèmù Skyrim, ọba kan wà tó ń jẹ́ Talos. Jagunjagun ni. Ó fi ogun kó gbogbo ilẹ̀ Tamriel sábẹ́ ìtẹ́ kan ṣoṣo, nígbà tó sì papòdà, àwọn èèyàn rẹ̀ ní kò kú rárá, pé ó ti di ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní irọ́ ni: èèyàn bíi tiwa ni, ikú tó ń pa gbogbo ayé ló pa á. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, ọba kan wà tó ń jẹ́ Ṣàngó. Òun náà jagun, wọ́n ní iná máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí nǹkan yíwọ́, àwọn kan ní ó pokùn so, àwọn kan ní ọba kò so. Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn méjèèjì létí títì kan náà, ní Ṣàngó níbí ní Ìbàdàn, nídìí ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ Poly ti ń gba iná sí láptọ́ọ̀pù. Àwọn tó ń ja ti Talos kì í sábà jẹ́ àwọn tó ń ja ti Ṣàngó, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí tọ̀tún tòsì ń kó sílẹ̀ jọra ju bí ẹ ṣe lè rò lọ.

Ẹni tí kò bá mọ ayé géèmù yìí, ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Bethesda ní Amẹ́ríkà ló ni The Elder Scrolls. Arena ló kọ́kọ́ jáde ní 1994, Daggerfall tẹ̀lé e ní 1996, Morrowind dé ní 2002, Oblivion ní 2006, Skyrim ní oṣù kọkànlá ọdún 2011. Ohun tó mú kí iyàn má tán níbẹ̀ ni pé kò sí apìtàn kan tó dúró lókè tó ń sọ fún ọ pé báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Inú ìwé ni ìtàn wà: àwọn ìwé kéékèèké tí èèyàn ń bá pàdé lórí tábìlì, nínú àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú nínú ihò àpáta. Ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sì ní ibi tó fì sí. Àlùfáà kọ tirẹ̀, akọ̀wé ààfin kọ tirẹ̀, ọ̀tá náà kọ tirẹ̀. Bí o bá ka ọ̀kan, o rò pé o ti mọ ìtàn. Bí o bá ka ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ di rúdurùdu.

Ti Ṣàngó náà kò ní apìtàn kan ṣoṣo. Àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ ní tiwọn, àwọn Mọ́gbà tó ń bọ ọ́ ní tiwọn, àwọn babaláwo ní tiwọn nínú ẹsẹ Ifá, àwọn tó ń pe Ṣàngó tún ní tiwọn nínú oríkì. Ìwé tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ́ka sí ni ti Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, tó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1897. Ìwé yẹn sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, ó di dandan kí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, kó tó jáde ní 1921. Johnson kò sì fi àwọn tó bi léèrè pamọ́: Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, wà lára wọn, Lágúnjú tó jẹ Tìmì Ẹdẹ náà wà níbẹ̀. Ìwé tí à ń fi parí iyàn, ẹnu àwọn àgbà kan ló ti jáde, ọwọ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló sì gbà kọjá. Bí wọ́n bá gbé e sórí tábìlì nínú ilé kan ní Skyrim, kò ní ṣàjèjì.

Bí wọ́n ṣe dórí oyè ńkọ́? Ìtàn tí ìjọba Tamriel fọwọ́ sí ní Atmora, ilẹ̀ òkèèrè ní àríwá, ni Talos ti wá. Ọ̀gágun ni lábẹ́ ọba kan tó ń jẹ́ Cuhlecain. Apànìyàn wọ ààfin, ó pa Cuhlecain, ó fi ọ̀bẹ ya Talos lọ́rùn, Talos yè é, ó sì gba adé. Ìwé mìíràn, The Arcturian Heresy, da gbogbo rẹ̀ rú: ó ní Hjalti lorúkọ ọkùnrin náà, Alcaire ni wọ́n ti bí i, òun gan-an ló sì wà nídìí ikú ọ̀gá rẹ̀. Ti Ṣàngó kò ní apànìyàn nínú. Àjàká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lórí ìtẹ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àwọn ará Ọ̀yọ́ ní àwọn ò fẹ́ ọba jẹ́jẹ́, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi àbúrò tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba Tápà jọba. Ọ̀kan dórí ìtẹ́ lórí òkú ọ̀gá, èkejì dórí ìtẹ́ lójú ẹ̀gbọ́n tó ṣì wà láàyè. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì ló ní ẹsẹ̀ kan níta. Ó jọ pé ibi tí ojú ará ìlú kò bá tó nínú ìran ẹni ni wọ́n ti máa ń wá agbára àràmàǹdà rẹ̀ sí.

Ibi ikú ni iṣẹ́ wà. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ṣe kọ ọ́, Ṣàngó ní oògùn tó fi ń pe mànàmáná. Ó mú un lọ sí òkè kan láti dán an wò, àrá sì já lu ààfin òun fúnra rẹ̀, ó pa nínú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀. Ìbànújẹ́ yẹn ló mú un kọrí sí ilẹ̀ Tápà, ilé ìyá rẹ̀. Àwọn tó ń sìn ín lọ bẹ̀rẹ̀ sí í yà padà, títí kan Bìrì tó jẹ́ àgbà ẹrú rẹ̀, ó wá ku ọba nìkan àti igi. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lẹ́nu kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè yẹn. Ọ̀rọ̀ Tìmì àti Gbọ́nkáà ló fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, àwọn balógun méjì tí ọba fẹ́ fi ara wọn pa ara wọn. Ọ̀nà yìí ni Dúró Ládiípọ̀ tọ̀ nígbà tó gbé Ọba Kò So sórí ìtàgé ní Òṣogbo ní 1963. Talos kò ní igi, kò sì sí ẹni tó já a sílẹ̀. Ó jọba fún ọdún 38 lẹ́yìn tó ti kó ilẹ̀ náà tán, ó kú. Ìtìjú kankan kò sí nínú ikú rẹ̀.

Níbí ni mo ti rí ìyàtọ̀ tó wù mí jù láàárín wọn. Ẹni tó ń gbèjà Talos ní láti ṣàlàyé bí èèyàn ṣe di òrìṣà. Ẹni tó ń gbèjà Ṣàngó ní láti ṣàlàyé bí òrìṣà ṣe lè kú ikú èèyàn. Ìbéèrè kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ti àkọ́kọ́ ń wá ohun tí yóò fi kún ìtàn, èkejì ń wá ohun tí yóò yọ kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀rí wo ni wọ́n wá mú wá? Ojúbọ ni àwọn ti Talos máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Nínú Skyrim, bí o bá fọwọ́ kan ojúbọ rẹ̀, o máa gba ìbùkún: àkókò tí o fi ń dúró kí o tó tún lè lo ohùn alágbára á dín ní ìdá 20 nínú 100. Bí kò bá sí òrìṣà, ta ló ń súre? Wọ́n tún ní Oblivion lọ́wọ́. Níbẹ̀, ètùtù kan ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ òrìṣà. Wọ́n lọ fá ẹ̀jẹ̀ Talos kúrò lára ìhámọ́ra rẹ̀, ètùtù náà sì jẹ́. Àwọn alátakò kì í fèsì pé kò jẹ́. Wọ́n á ní ó lè jẹ́ agbára mìíràn ló ń gba ojúbọ náà ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ ìgbàgbọ́ àwọn tó ń bọ ọ́ ló sọ ọ́ di nǹkan.

Àrá ni ẹ̀rí ti Ṣàngó. Àwọn olùsìn rẹ̀ á fi ẹdùn àrá hàn ọ́, wọ́n á ní ibi tó bọ́ sí kò ṣèèṣì, òpùrọ́ àti olè ni Ṣàngó ń wá kiri. Johnson kò sẹ́ pé ilé jó lẹ́yìn tí wọ́n ń fi ọba tó so ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó sọ ni pé àwọn ọ̀rẹ́ ọba lọ kọ́ oògùn pípe àrá nílẹ̀ Ìbàràbá, àwọn ni wọ́n ń dáná sun òrùlé àwọn ẹlẹ́yà títí wọ́n fi gbà pé ọba kò so. Àtakò yìí àti ti àwọn ọmọ Skyrim, ìbejì ni wọ́n: iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀, ó kù ká mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé ní apá méjèèjì, ẹni tó fẹ́ rẹ òrìṣà sílẹ̀ ṣì ní láti gba oògùn gbọ́.

Àwọn tó ń sẹ́ náà ní ìdí tí wọ́n fi ń sẹ́. Lẹ́yìn ogun ńlá kan ní Tamriel, àwọn Thalmor, ìjọba àwọn ẹ̀yà Elf, fi ipá mú ọba ènìyàn láti fọwọ́ sí àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ Talos mọ́. Kì í ṣe iyàn ẹ̀sìn lásán. Talos ló ṣẹ́gun baba ńlá wọn. Bí ọmọ ènìyàn bá lè gòkè di òrìṣà, iyì ìran tiwọn ti yẹ̀. Bí o bá wọ ìlú Whiterun, o máa rí Heimskr níwájú ère Talos, tó ń wàásù láìsinmi bí ẹni pé kò sí òfin kankan nílẹ̀. Ní ti Ṣàngó, àlùfáà ni Johnson, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bi léèrè sì jẹ́ onígbàgbọ́. Ọba tó so rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju òrìṣà tó ń já iná lọ. Ká má sì fi ojú kan wò ó: àwọn Mọ́gbà náà ní èrè tiwọn. Nígbà àtijọ́, ilé tí àrá bá já lù, àwọn ni wọ́n ń wá yọ ẹdùn àrá níbẹ̀, onílé á sì sanwó títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Bethesda pàápàá ti ta Skyrim kan náà fún wa láìmọye ìgbà, ní 2016, ní 2021, lórí gbogbo ẹ̀rọ tó wà. Òrìṣà tí iyàn rẹ̀ kò tán, ọjà rẹ̀ kì í kùtà.

Kí ni wọ́n ń ṣe nígbà tí ìtàn méjì bá kọlu ara wọn? Daggerfall ní òpin mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oníkálùkù ló sì parí tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Nígbà tí géèmù tó tẹ̀lé e ń bọ̀, wọn kò yan ọ̀kan. Wọ́n ní àkókò fọ́, gbogbo òpin náà ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dragon Break ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Bákan náà, ìwé àtijọ́ kan ní igbó kìjikìji ni ilẹ̀ Cyrodiil, Oblivion dé, a rí pápá tútù. Ìwé kan nínú Oblivion kan náà dọ́gbọ́n sọ ọ́ pé Talos ló yí ilẹ̀ náà padà nígbà tó gba agbára. Ọgbọ́n àwọn wọ̀nyí pọ̀: àṣìṣe òǹkọ̀wé di iṣẹ́ òrìṣà.

Yorùbá kò fọ́ àkókò. À ń fi òrìṣà kún òrìṣà ni. Ọjọ́ Jàkúta wà nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin wa, ọjọ́ náà la sì ń bọ Ṣàngó. Àwọn onímọ̀ kan ní Jàkúta ti ń ju òkúta láti ọ̀run kí wọ́n tó bí ọba Ọ̀yọ́ kankan, ọba náà ló wá wọ inú rẹ̀. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ olùfẹ́ géèmù rí fà yọ nínú The Arcturian Heresy: pé ènìyàn mẹ́ta ló para pọ̀ di Talos. Ní Kúbà, Ṣàngó tún wọ aṣọ Santa Bárbara, ní Bràsíìlì wọ́n fi í ṣe ẹnì kan náà pẹ̀lú São Jerônimo, kò sì sí ẹni tó bi í pé èwo ni òun gan-an.

Àwọn olùfẹ́ géèmù ní ọ̀rọ̀ kan, mantling: kí o máa ṣe bí òrìṣà, kí o máa rìn bí i, títí ìwọ àti òun kò fi ní ṣe é yà mọ́. Ẹ wá wo elégùn Ṣàngó lọ́jọ́ ọdún. Ọkùnrin ni, ó di irun bí obìnrin, ó wọ wàbì, oṣé ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, bàtá ń dún, lójijì ojú rẹ̀ yí padà, ẹni tó ń jó kò tún jẹ́ òun mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí bàtá bá dákẹ́, elégùn á padà sílé lọ jẹun. Ẹni tó bá gbé àwọ̀ òrìṣà wọ̀ ní Tamriel kì í bọ́ ọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ìtàn ló kù. Talos ní olówó. Michael Kirkbride, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ Morrowind, ti kọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa rẹ̀ síta lẹ́yìn tó kúrò nílé-iṣẹ́ náà, iyàn sì ń lọ títí di òní lórí bóyá ká kà á kún ìtàn tàbí ká má kà á. Ṣàngó kò ní olówó. UNESCO fi ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú ìwé ogún àṣà ayé ní 2023, ìyẹn kò sì bi Mọ́gbà kankan bóyá ọba so. Ẹni tó bá ń jiyàn Talos lè pa láptọ́ọ̀pù dé kó lọ ra búrẹ́dì. Fún olórí adóṣù kan, ìdáhùn náà kan orúkọ ilé rẹ̀.

Síbẹ̀ mi ò rò pé níní olówó mú ti Talos rọrùn. Ní 2018 ni Bethesda ti kéde pé The Elder Scrolls VI ń bọ̀. Ká ní wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ gbangba pé Talos kò di òrìṣà rí, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa bèèrè ni pé ta ló kọ ìwé yẹn, ẹ̀gbẹ́ ta ló sì wà.