Ta Ló Yàn Án?

Lọ́jọ́ tí orúkọ àwọn tí iléèwé gbà wọlé jáde, ìmọ̀ òfin ni mo ń wá lójú fóònù. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti Yorùbá ni mo rí. Mo ka orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ka nọ́ńbà ìdánwò mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí padà. Bàbá mi, tó jẹ́ mùsùlùmí, ní, "Kádàrá ni." Màmá mi, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní Ọlọ́run ní ètò tó ń ṣe. Ìyá bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Orí rẹ ló mọ ibi tó ń gbé ọ lọ."

Létí mi lọ́jọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ: nu ojú rẹ, kó o lọ kàwé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sọ nípa ìdí tí ènìyàn fi wà láyé, àti pé díẹ̀ lára ìyàtọ̀ náà wà nínú ìhun ọ̀rọ̀, irú èyí tí à ń kọ́ ní kíláàsì mọfọ́lọ́jì.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn wa yìí, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ọ̀nà kan náà lẹ gbà wọlé. Lọ́dún kìn-ín-ní wa, olùkọ́ kan ní kí àwọn tó fọwọ́ ara wọn yan ẹ̀kọ́ yìí nawọ́ sókè. Ọwọ́ mẹ́jọ ni mo kà. Àwa yòókù ń wo ara wa, à ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé ló mú mi kọ èyí. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì tó sì di oṣù kẹwàá kó tó parí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan padà síléèwé, àmọ́ kò padà tán. Á sùn dọ̀sán, kò ní lọ sí kíláàsì, oúnjẹ á tutù síwájú rẹ̀. Nígbà tó yá tí a ti wọ ọdún kejì, ó sọ lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Ayé sú mi. Mi ò mọ ohun tí mo wá ṣe níbí." Mo dáhùn kíá, bí ọmọ tí wọ́n fi òwe tọ́ dàgbà: "Àyànmọ́ ò gbóògùn." Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ta ló yàn án?"

Mi ò rí èsì. Mo ní kó jẹun, ó ní ebi ò pa òun. A pa iná.

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi nígbà tí àsìkò tó, torí pé yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ ìbéèrè ayé, ìbéèrè gírámà ni. Yàn jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ń fẹ́ olùwà. Nínú àyànmọ́, olùwà náà dà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí à ń ṣe bèèrè ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Òyìnbó a máa bèèrè ìtumọ̀ ayé, àfi bí ẹni pé ayé jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè wá nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà tiwa ni: Kí ni mo wá ṣe láyé? Ẹ kíyè sí wá. Ẹni tó wá ti kúrò níbì kan, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n rán an níṣẹ́. A ò tíì dáhùn ìbéèrè náà, èrò kan ti wọlé pẹ̀lú rẹ̀: ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹni tí kò gbà pé ọ̀run wà á bèèrè bẹ́ẹ̀ náà, kò sì ní fura.

Ó wá kan orúkọ tí à ń pe iṣẹ́ tí ènìyàn wá jẹ́. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde lọ́dún 1962, to ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ tí ènìyàn ń gbà ní ìpín rẹ̀: àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà, àyànmọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, èyí tó máa ń sọ ìṣe di ohun tí a ṣe. Akọ̀wé ni ẹni tó ń kọ nǹkan. Àkọsílẹ̀ ni ohun tí a kọ. Àdìrẹ ni aṣọ tí a dì, tí a sì rẹ sínú aró. Ta ló dì í? Ọ̀rọ̀ náà ò sọ. Ohun tí ọwọ́ ṣe ló wà níwájú wa, ọwọ́ ti lọ.

Síbẹ̀, a ṣì lè tọpa ọwọ́ náà. Nínú àkúnlẹ̀yàn, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló tò tẹ̀ lé ara wọn, kúnlẹ̀ àti yàn, olùwà kan ló sì ni méjèèjì, bó ṣe máa ń rí tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá tò báyìí. Ẹni tó kúnlẹ̀ náà ló yàn. Kò sí ẹlòmíì tí a lè dá lẹ́bi. Nínú àkúnlẹ̀gbà, ẹni tó kúnlẹ̀ ló gbà, àmọ́ ẹni tó bá gba nǹkan, ẹnì kan ló fún un. Ọwọ́ kejì ti wọ ọ̀rọ̀. Tó bá wá di àyànmọ́, kò sí ìkúnlẹ̀ mọ́ rárá. Wọ́n yàn án mọ́ mi: àwọn kan ni olùwà, èmi wà lẹ́yìn mọ́, ibi tí nǹkan ti ń lẹ̀ mọ́ni. (Ẹ rántí pé àfòmọ́ tí à ń lò fún gírámà, orúkọ ewéko kan ni tẹ́lẹ̀, èyí tí ẹyẹ ń gbé èso rẹ̀ wá, tó ń hù sórí igi kòkó àti igi obì tí kò pè é. Ẹ bi àgbẹ̀ onífi-kòkó-jẹun bó ṣe rí lára rẹ̀.)

Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé àyànmọ́ ò gbóògùn, nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà nílẹ̀, èyí tí kò fún un láyè kankan ni mo mú.

Ìtàn Àjàlá mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé, ọmọ Ògún, ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń fi amọ̀ mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílẹ̀, wọ́n wọ ibi tí orí wà, wọ́n mú èyí tó dára lójú. Wọn ò mọ̀ pé iná ò jó o dénú. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí ń ya dànù. Afùwàpẹ́ ti kọ́kọ́ yà lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, iyọ̀ àti owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ó fún ọkùnrin kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀ ní iyọ̀, ìyẹn sì fọ̀nà hàn án. Nígbà tó débẹ̀, olówó jókòó ti ilẹ̀kùn Àjàlá, Àjàlá fúnra rẹ̀ sá sórí àjà nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó sì bá a yan orí tó jóná dáadáa.

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni àwọn méjì yẹn. Wọ́n yàn lóòótọ́. Ṣé a lè ní wọ́n yàn, nígbà tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń yàn? Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin bèèrè irú ìbéèrè yìí nínú ìwé tó kọ lórí ìmọ̀ ọgbọ́n orí Yorùbá lọ́dún 1991, mo sì rò pé gbogbo ẹni tó bá ti kún fọ́ọ̀mù JAMB rí ló mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo kún tèmi ní kafé kan, iná ń lọ ń bọ̀. Nínú fíìmù ni mo ti mọ̀ nípa iṣẹ́ lọ́yà. Ká ní mo wọlé, gbogbo èèyàn ni ì bá ní èmi ni mo yàn án.

Ìtàn míì tún wà tí àwọn orí ti pàdé láti ṣe nǹkan láìpe ẹsẹ̀, tí nǹkan náà kò sì yọrí. Ọládélé Balógun, nínú àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 2007, lo irú ìtàn báyìí láti jiyàn pé Yorùbá ò gbà pé orí ti pa gbogbo ilẹ̀kùn dé: orí ń darí, àmọ́ ẹsẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé àyè kan. Ẹsẹ̀ àwọn méjì yẹn náà ṣe wàhálà.

Ìyá bàbá mi ni mo ń ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn láti ìgbà yìí. Ti bàbá mi kò pẹ́. Ẹ gé kádàrá síbi tó wù yín, ẹ ò ní rí yàn tàbí gbà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, láti inú èdè Lárúbáwá, ó gba ọ̀dọ̀ Hausa wọlé sí wa bíi àlùbọ́sà àti àdúrà. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti agbára wà nínú gbòǹgbò rẹ̀: ohun tí Ọlọ́run ti díwọ̀n. A mọ ẹni tó díwọ̀n, kò sí ẹni tó kúnlẹ̀ yàn. Bàbá mi ò sì ka ìyẹn sí ìdí láti jókòó tẹtẹrẹ, torí nínú ẹ̀sìn rẹ̀, iṣẹ́ tí a dá ènìyàn fún hàn kedere: láti jọ́sìn fún Ọlọ́run. Ohun tí kò hàn ni bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí. Ó ń jí kírun àsùbáà, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ètò tí màmá mi ń sọ, ara tò ni ó ti wá. Ọjà ni wọ́n ń tà, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń wí: agolo mílíìkì kan ṣoṣo kò lè mọ ìdí tí òun fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ.

Ẹ jọ̀ọ́ o, ìtàn ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìgbàgbọ́ ẹni tó ń sọ ọ́. Kọ̀ndọ́kítọ̀ á ní kádàrá, kò gbọ́ Lárúbáwá. Àwọn ọmọ ìjọ màmá mi náà ń sọ ọ́. Ìhun ọ̀rọ̀ ń fi èrò àwọn tó kọ́kọ́ hun ún hàn wá. Kò de ẹnikẹ́ni lókùn.

Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé a lè sọ òdìkejì pátápátá ní Yorùbá. Jean-Paul Sartre, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ àsọyé kan ní Paris ní oṣù kẹwàá ọdún 1945. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ìwé. Kí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ṣe ọ̀bẹ, ó ti mọ ohun tí ọ̀bẹ yóò máa ṣe. Iṣẹ́ ọ̀bẹ ti ṣáájú ọ̀bẹ. Ó ní ti ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀, torí kò gbà pé ẹnì kan ṣe ènìyàn. A kọ́kọ́ wà ná; ohun tí a bá ń fọwọ́ ara wa ṣe ni yóò sọ ohun tí a jẹ́. Àwọn kan ní kíláàsì wa ní irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ ní Yorùbá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni.

Ibi tí èdè wa ti ń bá Sartre jà ni ìwà. Wà ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ìwà ni ọ̀rọ̀-orúkọ tó ti ara rẹ̀ jáde. Nínú ìwàláàyè, wíwà ni. Nínú ìwà pẹ̀lẹ́, ìṣesí ni. Wándé Abímbọ́lá tọ́ka sí èyí nínú iṣẹ́ tó ṣe lórí ìwà pẹ̀lẹ́ lọ́dún 1975. Sartre ní wíwà ṣáájú, irú ẹni tí a jẹ́ tẹ̀ lé e. Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì. Ẹ wá padà sí orúkọ Afùwàpẹ́. Bí èmi ṣe ń tú u ni a-fi-ùwà-pẹ́, ẹ̀yin ará Èkìtì àti Oǹdó tó ń pe ilé ní ulé yóò ti rí ìwà níbẹ̀. Kó tó rí orí kankan mú, ó ti fún aláìníyọ̀ ní iyọ̀, ó ti san gbèsè onígbèsè.

Viktor Frankl, dókítà ará Vienna tí ìjọba Násì kó sí àgọ́ ìfìyàjẹni, kọ ìwé kan lọ́dún 1946 lẹ́yìn tó bọ́. Lójú tirẹ̀, àwa kọ́ ló yẹ ká máa bi ayé léèrè ohun tó wà fún; ayé ló ń bi wá, lójoojúmọ́, ìṣe wa sì ni èsì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí gbólóhùn ọ̀rẹ́ mi. Nínú "ayé sú mi", ayé ni olùwà, mi ni àbọ̀. Frankl kò yí ìyẹn padà. Ó kàn fún ayé ní ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn.

Mi ò mọ gbogbo èyí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò sì rò pé ì bá ràn án lọ́wọ́ ká ní mo mọ̀ ọ́n. Èmi àti olórí kíláàsì wa bá a lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá mú un lọ sílé, ó sì fi ọdún ẹ̀kọ́ kan sinmi. Ó ti wà ní ọdún kẹta báyìí. Mo fi orí kejì iṣẹ́ àṣekágbá mi ránṣẹ́ sí i lóṣù tó kọjá. Ó bá mi fi àmì ohùn sí ibi méjì tí mo ti gbàgbé, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "O ò tíì dáhùn mi." Ìwé mọfọ́lọ́jì mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò ní dá a padà àyàfi tí òun bá ṣèdánwò tán.