Mo ní kí bàbá kọ wíìlì, wọ́n ní mo fẹ́ pa àwọn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ báàsì láti Berger lọ sí Mowe ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn tó ń lọ sí Redemption City ti kún ojú títì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti Ibafo. Kí ẹnì kan kàn ṣèèṣì sọ pé "ọ̀nà yìí máa pa wá o", gbogbo ọkọ̀ á bú u: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Fi ẹnu ẹ wúre!" Èmi tí mo kàwé òfin náà á ṣe àmín. Mi ò lè purọ́ fún yín.

Kì í ṣe pásítọ̀ ló kọ́ wa. Kí Bíbélì tó dé ilẹ̀ yìí la ti ń wúre, tí a sì ń bẹ̀rù àfọ̀ṣẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì kàn bá a nílẹ̀ ni, ó sì rí èyí tó bá a mu nínú ìwé Òwe orí 18, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa agbára ahọ́n. Mo gbà á gbọ́. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé a ti sọ ọ́ di ìdí tí a kì í fi í sọ̀rọ̀ rárá.

Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní Ifo. Wọ́n ní ilé méjì níbẹ̀, àti háàfù pílọ́ọ̀tì ní Mowe. Ìyàwó méjì, ìbílẹ̀ ni wọ́n fi fẹ́ àwọn méjèèjì. Ìyálé bí ọmọ márùn-ún, ìyàwó kejì bí ẹyọ kan. Mo lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ wíìlì." Wọ́n ta ìka yí orí wọn ká. "Ṣé o fẹ́ kí n kú ni? Ọ̀rọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹ mọ́ nínú ilé yìí!"

Ọdún kejì ni wọ́n kú. Òkú kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyálé ní orí-ò-jorí ni, kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́fà. Ìyàwó kejì ní ìdí igi ni, ọ̀nà méjì péré. Ní ti òfin, òun ló jàre: nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ilé ẹjọ́ ní ìdí igi ni àṣà Yorùbá, àfi tí olórí ẹbí bá rí i pé orí-ò-jorí ló máa parí ìjà. Ilé ọmọ ìyálé sì ni olórí ẹbí tiwa ń gbé.

Èyí tó gún mi lọ́kàn jù nìyí. Ìyàwó kejì ní ọkọ òun sọ fún òun lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé ilé ẹ̀yìn, èyí tí òun fi orí ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ti òun ni. Mo gbà á gbọ́. Òfin ìbílẹ̀ wa pàápàá gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń lọ, bí ẹlẹ́rìí bá wà níbẹ̀. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ àṣà, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ohun tó bá kan ọmọ rẹ̀ ni òun náà máa rí jẹ. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá fi ẹnu wọn sọ láyé, èyí tó yẹ kó lágbára jù, kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ ọ.

Ẹ lọ ka ìwé Aísáyà orí 38. Wòlíì ló wọlé tọ Hesekáyà, kì í ṣe lọ́yà, òun ló sì ní kí ọba ṣètò ilé rẹ̀ nítorí pé ikú ti dé. Ọba sunkún, ó gbàdúrà, Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò ta ìka lé wòlíì náà lórí.

Wíìlì fúnra rẹ̀ kò le. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tó jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà fọwọ́ sí i. Àmọ́ kí ẹlẹ́rìí má lọ jẹ́ ẹni tí ẹ fún ní nǹkan nínú rẹ̀ o, tàbí ọkọ tàbí ìyàwó ẹni bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀bùn yẹn lè bọ́ mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́.

Oṣù tó kọjá ni mo kọ tèmi. Kí ni mo tiẹ̀ ní? Laptop kan, owó díẹ̀ ní báǹkì, àti ilẹ̀ tí mi ò tíì san owó rẹ̀ tán ní Ibafo. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí mi di bírò mú, kò kọ nǹkan kan, ó ń wò mí. Ó ní, "Ẹ̀mí ẹ á gùn o." Mo ní àmín. Ìgbà yẹn ló tó fọwọ́ sí i.