Ọmọ Mi Fẹ́ Di Júù: Ohun Tí Mo Kọ́ Kí N Tó Bínú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, mi ò rò pé yóò kàn mí láé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, mo ti Rye Lane dé pẹ̀lú edé, ìgbín àti ẹja àrọ̀. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 24, ń bá mi tú ẹrù, ló bá ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ń rò ó pé kí n di Júù."

Mo jókòó. Mo ní, "Ṣé ọkùnrin kan ló fẹ́ fẹ́ ẹ ni?" Ó ní rárá o. Ó ti pẹ́ tó ti ń lọ jókòó sẹ́yìn ní sínágọ́gù kan ní ìhà Streatham.

Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Kí ni n óò sọ fún ìyá mi ní Ìbàdàn, tí kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré?

Nígbà tó yá, mo ní kó mú mi lọ rí rábì, olùkọ́ ẹ̀sìn wọn. Ìjà ni mo múra lọ. Mo ti rò pé ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń wá gbé. Àṣé àwọn Júù kì í wá èèyàn kiri. Àṣà wọn láti ayébáyé ni pé kí rábì kọ́kọ́ dá ẹni tó fẹ́ wọlé padà, kó wò ó bóyá yóò tún wá. Ẹ rántí Rúùtù: Náómì ní kó padà sílé ìyá rẹ̀, kò padà.

Ẹni tó bá tún wá ni ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún. Ó sábà máa ń tó ọdún kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè bá wọn ṣe gbogbo àjọ̀dún: Ọjọ́ Ètùtù tí wọ́n ń gbààwẹ̀ wákàtí 25, Àjọ Àgọ́, Ìrékọjá. Yóò kọ́ láti ka Hébérù. Wọn ò ní kó gbé gbogbo òfin lérí lẹ́ẹ̀kan. Sábáàtì ni ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀: tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ̀, á tan àbẹ́là, á pa fóònù. Níkẹyìn, onítọ̀hún á dúró níwájú ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Beth Din, á sì ri ara rẹ̀ bọ omi mikveh. Ní ti ọkùnrin, ìkọlà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín béèrè ẹ̀ka tó fẹ́ wọ̀ o. Ti Orthodox yàtọ̀ sí ti Reform àti Liberal, Orthodox kì í sì í ka ẹni tí àwọn yẹn bá gbà wọlé sí Júù.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ náà ńkọ́? Ẹja tó ní lẹ́bẹ́ àti ìpẹ́ nìkan ni Òfin Mósè gbà. Edé, ìgbín àti ẹja àrọ̀ tí mo rà lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó yọ nínú wọn.

Ohun tó dùn mí jù ni orúkọ. Ní sínágọ́gù, ọmọ Ábúráhámù àti Sárà ni wọ́n máa ń pe ẹni tó bá yí padà. Mo bi rábì pé, "Èmi tí mo lóyún ẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án ńkọ́?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Maimonides, ọ̀mọ̀wé wọn tó kú ní 1204, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó di Júù kò gbọdọ̀ tàbùkù bàbá tó bí i, kí ayé má baà sọ pé inú ẹ̀sìn tó mọ́ jù ló ti bọ́ sínú èyí tí kò mọ́ tó o. Ó ní, "Mà, tí kò bá lè bọ̀wọ̀ fún yín, kò tíì ṣe tán."

Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ṣì ń gbàdúrà ní orúkọ Jésù, mi ò sì fi pa mọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ká ní mo lé e jáde lọ́jọ́ yẹn ni, ta ni ì bá sọ èyí fún mi? Ẹ̀yin òbí, ẹ tẹ̀ lé ọmọ yín débẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó ń dùn yín lọ́wọ́ wọn.

Kò tíì wọ omi yẹn. Ó lè wọ̀ ọ́, ó sì lè má wọ̀ ọ́. Mo ti ra ìkòkò kékeré kan tí edé kì í wọ̀. Ní Jímọ̀ọ̀ tó kọjá, kó tó tan àbẹ́là, ó wá kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi, dìde." Ó dáhùn.