Dọ́sìnnì: Mélòó Ló Wà Nínú Rẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa láìpẹ́ yìí tí a kò fẹ́ kí ó kọjá lásán. Ẹgbẹ́ dáwó jọ, a ra ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọléèwé ní 40 dọ́sìnnì, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń tà á lè rí i ní ẹ̀dínwó. Nígbà tí a tú ẹrù, ìwé 10 ni a bá nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ìwé 480 ni a ti ṣírò sílẹ̀, 400 ni a rí pín. Ojú ń wo ojú. Àwọn kan ti ń fojú burúkú wo àwọn tí a rán lọ sọ́jà, bí ẹni pé wọ́n ti yọ díẹ̀ sápò. Nígbà tí a padà tọ ẹni tó tà á fún wa lọ, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe dì í wá nìyẹn, òun náà la sì ń pè ní dọ́sìnnì níbí. Ṣé ẹ bi mí pé mélòó ló wà nínú ẹ̀ ni?" Òótọ́ ni, a ò bi í. Ó dá owó díẹ̀ padà fún wa, ṣùgbọ́n kò tó owó ìwé 80 tó dín.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí á jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí lóṣù yìí. Ojoojúmọ́ là ń pe dọ́sìnnì lọ́jà. Kí ni ó jẹ́ gan-an, níbo ló sì ti wá?

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI WÁ

Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gba dọ́sìnnì, ṣùgbọ́n àwọn náà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Ní ọdún 1066, àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Faransé sì di èdè ààfin àti ti àwọn ọlọ́lá níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló bá wọn wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ni dozaine, tó túmọ̀ sí ohun méjìlá tí a kó pọ̀ sójú kan. Láti ara douze ni wọ́n ti yọ ọ́, èyí tí í ṣe 12 lédè Faransé. Àwọn Faransé náà jogún tiwọn láti inú èdè Látìn àwọn ará Róòmù àtijọ́, tí wọ́n ń pè é ní duodecim. Duo ni èjì, decem ni ẹ̀wá. Èjì àti ẹ̀wá!

Ẹ wá wo tiwa. Èjìlá, ìyẹn ni pé èjì lé ní ẹ̀wá. Kódà twelve tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò kí Faransé tó dé, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé èjì ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti ka ẹ̀wá tán. Ibi tí kálukú ti wá jìnnà sí ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà kà á. Nítorí náà, ẹni tó bá pe 10 ní dọ́sìnnì, èjì tó lé lórí ẹ̀wá ló yọ kúrò, bẹ́ẹ̀ èjì yẹn gan-an ni orúkọ náà ń sọ.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ 12?

Ìdí wà fún un, oníṣòwò ni yóò sì tètè yé. 12 rọrùn láti pín. Pín in sí méjì, yóò di 6. Pín in sí mẹ́ta, yóò di 4. Sí mẹ́rin, yóò di 3. Sí mẹ́fà, yóò di 2. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́ta bá dáwó ra ohun 10, ìjà ti dé nìyẹn.

Àwọn àgbà inú wa mọ èyí lára owó. Nígbà tí à ń ná pọ́n-ùn, kọ́bọ̀ 12 ló ń di ṣílè kan. Sísì méjì ni ṣílè kan, tọ́rọ́ mẹ́rin ni ṣílè kan, kò sí èyí tó ń yọ ìdá sílẹ̀. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1973, ṣílè 10 di náírà kan, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ tuntun 10. Sísì di kọ́bọ̀ 5, ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n tọ́rọ́ di kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀, ènìyàn sì ní láti wá ààbọ̀ kọ́bọ̀ kún un. Ẹ rí i bí 12 àti 10 ṣe yàtọ̀.

DỌ́SÌNNÌ TÓ LÉ, ÈYÍ TÓ TÓBI, ÈYÍ TÍ KÒ NÍ IYE

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní dọ́sìnnì kan tí wọ́n ń pè ní ti oníbúrẹ́dì. 13 ni. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, nígbà Ọba Henry Kẹta, òfin wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí bí búrẹ́dì ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó. Ẹni tí tirẹ̀ bá fúyẹ́ yóò san owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n fi í sínú àbà ní gbangba kí ayé máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan ní ìbẹ̀rù yìí ló mú kí àwọn oníbúrẹ́dì máa fi ẹyọ kan lé e. Àwọn mìíràn ní èrè àwọn tó ń kiri búrẹ́dì náà ni ẹyọ kẹtàlá. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n: èènì ni! Èènì a máa lé ni, kì í dín.

Gúróòsì tún wà, tí wọ́n fi ń ta bọ́tìnnì àti pẹ́ńsùlù. Lédè Faransé, "dọ́sìnnì ńlá" ni ìtumọ̀ rẹ̀: dọ́sìnnì lọ́nà 12, ìyẹn 144. Bí ìdì 12 tí ẹ rà bá jẹ́ 10, 10, a jẹ́ pé 120 lẹ gbé lọ sílé. 24 ti sọnù.

Èyí tó kẹ́yìn ni èyí tí kò ní iye. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá pe dozens, kì í ṣe 12 ló ń sọ mọ́, ọ̀pọ̀ ló ń sọ. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan láyé àtijọ́, àpò owó ẹyọ 20,000 ni, kò lé, kò dín. Lónìí a máa ń sọ pé "ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló wá síbi òkú náà," kò sì sẹ́ni tí yóò kà wọ́n. Kò burú nínú ìtàkùrọ̀sọ. Lórí rìsíìtì ló burú.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ Ọ́

Ká ní ojúlówó dọ́sìnnì jẹ́ ₦3,600. Ẹyọ kan jẹ́ ₦300 nìyẹn. Ẹlòmíràn ní òun ó ta tòun ní ₦3,200, ṣùgbọ́n 10 ló wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó dínwó, àbí? Ẹyọ kan ti di ₦320. Bí ẹ bá ń tà á ní ₦350 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, èrè ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦600, ti èkejì jẹ́ ₦300. Ìdajì èrè ti lọ, ẹ ò sì tíì san owó ọkọ̀.

A ò sọ pé olè ni gbogbo ẹni tó ń ta ìdì ẹlẹ́wàá o. Kálukú ọjà ló ní iye tirẹ̀. Kéréètì ẹyin jẹ́ 30, ìyẹn dọ́sìnnì méjì ààbọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bá ẹlẹ́yin jà. Kí wọ́n ṣáà pe 10 ní 10.

Nítorí náà, láti ìsinsìnyí lọ, nínú gbogbo ọjà tí ẹgbẹ́ bá jùmọ̀ rà: kí a bèèrè pé mélòó ló wà nínú rẹ̀ kí a tó dúnàá dúrà, kí a tú ìdì kan kà lójú ẹni tó ń tà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́, bí wọ́n bá kọ "doz." sórí rìsíìtì, kí wọ́n kọ 12 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí akápò sì fi iye ẹyọ pín owó, kí ó tó sọ pé ọjà wọ́n tàbí pé ó pọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tí a rán lọ sọ́jà ọjọ́ náà kò mú nǹkan kan. A ti ka gbogbo ìdì, kò sí èyí tí wọ́n já. Orúkọ lásán ni a jọ rà. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn níwájú gbogbo ẹgbẹ́, a sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má kọ iṣẹ́ bí a bá tún rán wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ó dìgbà kan ná. Kí ajé má fi wá sílẹ̀ o.