Iná Afìyànàhàn àti Iná Afarahàn Lára Alùpùpù: Èdè-Ìperí fún Gílóòbù Kan Tí Ń Ṣe Iṣẹ́ Méjì

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe lè mú kí iná tíráfíkétọ̀ tí ó wà níwájú alùpùpù máa tàn ní ìwọ̀nba nígbà gbogbo tí alùpùpù bá wà lójú ọ̀nà, láìjẹ́ pé ó pàdánù iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ ṣe é. Ohun kejì ni láti dábàá èdè-ìperí fún àwọn ohun tí iṣẹ́ náà kàn. Ìdí tí a fi pa ọ̀ràn méjèèjì pọ̀ ni pé àṣìṣe orúkọ lè bí àṣìṣe wáyà, àṣìṣe wáyà sì lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Agbalata ní Àgbádárìgì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọjà ńlá tí ó wà létí ọ̀sà ni, àwọn tí ń ná an sì ń wá láti ilẹ̀ Nàìjíríà àti ilẹ̀ Benin. Alùpùpù wà lára ohun tí ń gbé èrò àti ẹrù láàárín ọjà, ìgboro àti títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n sì fi mẹ́rin kún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Àgbádárìgì kò sí nínú wọn. Lójú títì yìí ni ẹni tí ń sọ Ègùn, ẹni tí ń sọ Yorùbá àti ẹni tí ń sọ Faransé ti ń pàdé. Iná ni èdè tí gbogbo wọn jọ gbọ́. Bí iná bá sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, kò sí ògbufọ̀ tí yóò tún un ṣe kí ọkọ̀ tó kọlu ọkọ̀.

2. Ọ̀ràn orúkọ

Tíráfíkétọ̀ ni awakọ̀ àti riwáyà ń pe iná tí ń fi hàn pé ọkọ̀ fẹ́ yà. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, ìtàn rẹ̀ sì kún fún ẹ̀kọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1959, ohun tí ń jẹ́ orúkọ yìí kì í ṣe iná tí ń ṣẹ́jú. Apá kékeré kan ni, tí iná wà nínú rẹ̀, tí í yọ jáde lára òpó ilẹ̀kùn mọ́tò bí ẹni pé ènìyàn na ọwọ́ síta. Apá náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kù lẹ́nu wa. Kò sí ewu nínú ìyẹn, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni iná tí ó rọ́pò apá náà ń ṣe.

Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí ohun kan ṣoṣo bá gba iṣẹ́ kejì mọ́ èyí tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ọlọ́kadà bá wí fún riwáyà pé, “Jẹ́ kí tíráfíkétọ̀ mi máa tàn nígbà gbogbo,” tí riwáyà sì ṣe é gẹ́lẹ́ bí a ti wí, yóò ba àmì yíyà jẹ́ pátápátá. Iná tí kò lè kú kò lè ṣẹ́jú.

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ kejì yìí ni running light. Atúmọ̀-èdè tí kò bá fara balẹ̀ lè kọ “iná ìsáré” sílẹ̀, ṣùgbọ́n iná náà kò sáré. Láti ẹnu àwọn atukọ̀ ojú omi ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Iná pupa ní apá òsì ọkọ̀ àti iná aláwọ̀ ewé ní apá ọ̀tún rẹ̀ wà lára ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ tàn wọ́n bí ó bá ń lọ lórí omi ní òru. Iṣẹ́ wọn ni kí ẹlòmíràn lè rí ọkọ̀, kí ó sì mọ ibi tí ó kọjú sí.

Nítorí náà, iṣẹ́ ni a jẹ́ kí orúkọ tọ̀ lẹ́yìn. A dábàá iná afarahàn fún iná tí ń jẹ́ kí a rí alùpùpù, nítorí pé fífi ara hàn ni iṣẹ́ rẹ̀. A sì dábàá iná afìyànàhàn fún iná tí ń sọ pé alùpùpù fẹ́ yà. A kò yan “iná ìyà”, nítorí pé ìyà tí ń jẹ ènìyàn ni etí Yorùbá yóò kọ́kọ́ gbọ́. A kò yan “iná ìyànà” lásán, nítorí pé ẹni tí ó mọ Ìyànà-Ìbà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì lè rò pé iná tí a rì mọ́ oríta ni à ń sọ. A kò sì yan “iná aṣẹ́jú”, nítorí pé nígbà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú títì, iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa ṣẹ́jú pọ̀ láìfi ìyànà kankan hàn.

3. Ìdí tí alùpùpù fi nílò iná afarahàn

Ní ọdún 1981, Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Southern California gbé ìwádìí jáde lórí ìjàm̀bá alùpùpù 900 tí wọ́n yẹ̀ wò fínnífínní ní agbègbè Los Angeles. Wọ́n rí i pé nínú ìjàm̀bá tí mọ́tò pẹ̀lú alùpùpù ti kọlu ara wọn, ohun tí ó ṣokùnfà púpọ̀ ni pé awakọ̀ mọ́tò kò rí alùpùpù, tàbí pé ó pẹ́ kí ó tó rí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mọ́tò ń yà sí òsì kọjá níwájú alùpùpù tí ń bọ̀. Ọ̀ràn yìí kan àwa náà. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún, nítorí náà ẹni tí ó bá yà sí òsì ní láti la ojú àwọn tí ń bọ̀ kọjá.

Ní òru, ìṣòro mìíràn tún wà. Iná iwájú kan ṣoṣo ni alùpùpù sábà máa ń ní. Ẹni tí ó bá rí i láti òkèèrè kò lè mọ̀ bóyá alùpùpù ni tàbí mọ́tò tí iná rẹ̀ kan ti kú, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn fún un láti mọ bí ó ti ń yára tó. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Royal Holloway, ní Yunifásítì ti London, fi hàn pé bí a bá fi iná kéékèèké méjì kún iná iwájú alùpùpù, tí iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ya ara wọn sọ́tọ̀, ojú ènìyàn a máa díwọ̀n ìyára alùpùpù dáadáa sí i nínú òkùnkùn. Iná afìyànàhàn méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ alùpùpù ti ya ara wọn sọ́tọ̀ báyìí tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi lè fún wọn ní iṣẹ́ kejì.

4. Bí iná afìyànàhàn ṣe ń ṣiṣẹ́

Iná mànàmáná ń kúrò nínú bátìrì, ó ń gba súìṣì kọ́kọ́rọ́ kọjá lọ sínú ohun tí àwọn riwáyà ń pè ní fíláṣà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń lọ sí súìṣì ọwọ́, tí ń darí rẹ̀ sí gílóòbù apá ọ̀tún tàbí ti òsì. Ara irin alùpùpù ni ó ń gbà padà sí bátìrì.

A dábàá amúnáṣẹ́jú fún fíláṣà. Nínú irú rẹ̀ àtijọ́, pẹlẹbẹ irin oríṣi méjì ni a lẹ̀ pọ̀. Bí iná bá ti ń gbà á kọjá, ó ń gbóná, ó sì ń tẹ̀, nítorí pé irin kan ń gùn ju èkejì lọ bí wọ́n bá gbóná. Bí ó bá tẹ̀, ọ̀nà iná yóò já. Bí ó bá tutù, yóò nà padà, iná yóò sì tún kọjá. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìgbóná ni ó gbára lé, gílóòbù tí a bá so mọ́ ọn ń yí ìyára rẹ̀ padà. Ìlànà àgbáyé ni pé kí iná afìyànàhàn ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan.

Okùn tín-ín-rín tí ń gbóná tí ó sì ń mọ́lẹ̀ nínú gílóòbù ni a ó pè ní fọ́nrán. Gílóòbù tíráfíkétọ̀ tí a fi fọ́nrán ṣe sábà máa ń jẹ́ onífọ́nrán kan, tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 21, tàbí 10 lára àwọn alùpùpù kéékèèké.

5. Àtúnṣe náà

Gílóòbù onífọ́nrán méjì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Fọ́nrán ńlá jẹ́ wáàtì 21, kékeré jẹ́ 5. Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ni a ti ṣe iwájú wọn bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀ yóò tẹ̀ lé ètò yìí:

(a) Kí ó yọ ilé gílóòbù onífọ́nrán kan kúrò, kí ó fi ilé onífọ́nrán méjì rọ́pò rẹ̀. Èèkàn méjì tí ó wà lára ìdí gílóòbù onífọ́nrán kan dọ́gba. Ti onífọ́nrán méjì kò dọ́gba, kí ó má baà ṣeé fi sódì. Ẹni tí ó bá fi fáìlì há èèkàn náà kí ó lè wọlé ti ba ààbò yìí jẹ́.

(b) Kí ó so wáyà àtijọ́, tí ó ti ọ̀dọ̀ amúnáṣẹ́jú wá, mọ́ fọ́nrán ńlá.

(d) Kí ó fa wáyà tuntun láti ibi tí iná ti ń wá nígbà tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ó fi fíúsì tirẹ̀ sí i, kí ó sì so ó mọ́ fọ́nrán kékeré.

(e) Kí ó so wáyà ilẹ̀ mọ́ ara irin alùpùpù tí a ti fọ̀ mọ́.

Olùkọ́ lè fi èyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín agbára àti ìmọ́lẹ̀. Wáàtì 21 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀ wáàtì 5. Ṣùgbọ́n ní ìlànà àgbáyé fún irú gílóòbù yìí, ìmọ́lẹ̀ fọ́nrán ńlá jẹ́ lúmẹ́ẹ̀nì 440, ti kékeré sì jẹ́ 35 péré. Nígbà tí méjèèjì bá jọ tàn, 475 ni. Nígbà tí ńlá bá kú, ó lọ sílẹ̀ sí 35. Ìyàtọ̀ náà ju ìlọ́po mẹ́tàlá lọ. Òun ni ó jẹ́ kí ojú mọ ìṣẹ́jú iná bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná náà kò kú tán. Bí ìyàtọ̀ yìí bá pòórá, àmì náà pòórá.

Ní ti bátìrì, gílóòbù méjì iwájú yóò gba wáàtì 10, èyí tí kò tó ámípíà kan ní fóòtì 12.

6. Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

Èkíní ni síso wáyà kọ́kọ́rọ́ tààrà mọ́ wáyà tí ó wà lẹ́yìn amúnáṣẹ́jú. Gílóòbù yóò máa tàn kedere, kò sì ní lè ṣẹ́jú mọ́, nítorí pé iná ti rí ọ̀nà mìíràn gbà. Bí a bá so apá ọ̀tún àti apá òsì pọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí a ṣe sí ọ̀kan yóò dé ara èkejì.

Èkejì ni ilẹ̀ tí kò dára. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tí ń ti òkun wá ní Àgbádárìgì ń dípẹtà sí ojú irin. Bí wáyà ilẹ̀ bá dípẹtà, iná tí ó wọ inú fọ́nrán ńlá yóò gba inú fọ́nrán kékeré padà láti wá ọ̀nà mìíràn, iná tí kò yẹ kí ó tàn yóò sì máa tàn bàìbàì. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, kí a sì fi gíríìsì bò ó.

Ẹ̀kẹta ni ìgbóná. Bí ilé iná bá jẹ́ ike kékeré tí a ṣe fún wáàtì 10, wáàtì 21 lè yọ́ ọ, ó sì lè yí ìyára amúnáṣẹ́jú padà. Iná LED kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé iná tí ó ń gbà kéré, ó lè mú kí amúnáṣẹ́jú àtijọ́ yára ju bí ó ti yẹ tàbí kí ó má ṣiṣẹ́ rárá. Èyí tí a ṣe fún LED ni kí a fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀yìn alùpùpù. Iná pupa ni a fi ń mọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Kí a fi iná afarahàn tuntun mọ sí iwájú, kí ẹ̀yìn wà bí ó ti wà.

7. Àkótán

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1984 dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ètò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, sì ti fi hàn pé èdè wa tó fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àtíbàbà riwáyà náà yẹ kí ó wọ inú iṣẹ́ wa. A kó àwọn tí a dábàá jọ síhìn-ín:

iná afìyànàhàn: iná tí ń ṣẹ́jú láti sọ apá tí ọkọ̀ fẹ́ yà sí;
iná afarahàn: iná tí ń tàn láìṣẹ́jú kí a lè rí ọkọ̀;
amúnáṣẹ́jú: ẹ̀rọ tí ń já iná tí ó sì ń so ó padà léraléra;
fọ́nrán: okùn tí ń mọ́lẹ̀ nínú gílóòbù;
onífọ́nrán kan, onífọ́nrán méjì: irú gílóòbù, gẹ́gẹ́ bí iye fọ́nrán rẹ̀;
ilé gílóòbù: ibi tí a ń ti gílóòbù bọ̀.

A fi gílóòbù, wáyà, fíúsì àti bátìrì sílẹ̀ bí wọ́n ti wà, nítorí pé gbogbo ènìyàn ti gbà wọ́n, wọn kò sì da ìtumọ̀ rú. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pe tíráfíkétọ̀ mọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí a bá ń kọ́ni tàbí tí a bá ń fi iṣẹ́ rán riwáyà, kí a dárúkọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí iná ṣe. Ọlọ́kadà tí ó bá wí pé, “Fi iná afarahàn kún un, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan afìyànàhàn,” ti sọ gbogbo ohun tí riwáyà nílò láti mọ̀.