Àwọ̀n fún Ìkókó

Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, tí ará oko sì ti dé ilé, ni ẹ̀fọn ń jáde. Àgbàlagbà lè fi ọwọ́ lé e. Ìkókó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1897 ni Ronald Ross, dókítà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé kì í ṣe oòrùn ní í fa ibà yìí, bí kò ṣe abo ẹ̀fọn tí ń jẹ ènìyàn lóru. Nínú àwọn tí ibà náà ń pa ní ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó pọ̀ jùlọ.

Nítorí ìbẹ̀rù rẹ̀, ìyá mìíràn a fi kẹrosíìnì ra ọmọ lára. Òmíràn a jó èèpo ọsàn tàbí ewé efinrin nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Òmíràn a fín oògùn apakòkòrò sí ibi tí ọmọ sùn sí. Ewu ńlá ni èyí. Awọ ìkókó fẹ́lẹ́, ohun tí a bá fi ra á a máa tètè wọ inú ara. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì kéré, èéfín a máa ni ín lára. Ìpara alé-ẹ̀fọn tí àgbàlagbà ń lò pàápàá kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2.

Àwọ̀n ni ààbò ìkókó. Kí a wá èyí tí a ti fi oògùn apẹ̀fọn sí láti ilé iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ tuntun, kí a kọ́kọ́ sá a sí ibòòji fún ọ̀sán kan àti òru kan. Lẹ́yìn náà kí a ta á, kí a ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní yíká, kí ìyá àti ọmọ sì máa sùn nínú rẹ̀ ní alaalẹ́, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Kí ara wọn má ṣe kan án, nítorí ẹ̀fọn a máa ti ojú àwọ̀n jẹ ènìyàn. Bí ó bá ya, kí a rán an. Bí ó bá dọ̀tí, kí a fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, kí a má sì sá a sí oòrùn, kí oògùn rẹ̀ má bàa bàjẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí a wọ ọmọ ní aṣọ fẹ́lẹ́ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí bàbá náà máa da omi inú agolo, ìkòkò fífọ́ àti èèpo àgbọn nù ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹyin ẹ̀fọn má bàa ráyè dàgbà níbẹ̀.

Bí ara ìkókó bá gbóná síbẹ̀, kí a má ṣe fi àgbo dá a dúró di ọ̀la: kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Nígbà tí ó bá sì pé oṣù 5, kí ìyá béèrè bí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2024, bá ti dé agbègbè rẹ̀.

Àwọ̀n tí a fi bo ebè ẹ̀fọ́, tàbí tí a ká sínú àpótí, kò lè gba ọmọ kankan.