Ihò eyín tí wọ́n dí: kí ló ń mú un pẹ́, kí ló ń mú un tètè fọ́?

Kò sí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò mọ Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ọ̀dàn, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1893. Bí eyín bá ń ro ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tí wọ́n máa ń bẹ dókítà ni pé kó yọ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí kòkòrò kò bá tíì jẹ eyín dé iṣan inú rẹ̀, wọ́n lè dí ihò náà. Ìbéèrè tó kù ni pé, ṣé ohun tí wọ́n fi dí i yóò pẹ́?

Tẹ́lẹ̀, àmágàmù, èyí tí í ṣe àdàlù fàdákà àti mẹ́kúrì, ló wọ́pọ̀. Ó lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni mẹ́kúrì, tí í ṣe májèlé. Nítorí èyí ni àdéhùn Minamata ti ọdún 2013, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, ṣe ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dín lílò rẹ̀ kù.

Èyí tó ń gba ipò rẹ̀ ni kọ̀ǹpósíìtì, tó funfun bí eyín. Iṣẹ́ Rafael Bowen ní Amẹ́ríkà, tó gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀ lọ́dún 1962, ló bí i. Bíi kankéré ilé ló rí: oje bí ike ló dúró bíi sìmẹ́ńtì, ẹyọ dígí wẹ́wẹ́ sì dúró bí òkúta. Iná aláwọ̀ búlúù ló ń mú un le.

Bó ṣe ń le ló ń súnkì díẹ̀. Bí dókítà bá kì í bọ ihò jíjìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iná lè má dé ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ sì lè là. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tò ó ní ìpele ìpele, tí ìkọ̀ọ̀kan kì í sábà ju mìlímítà 2 lọ. Itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní lẹ̀ dáadáa.

Ohun méjì ló sábà ń bà á jẹ́: kí kòkòrò tún gba etí rẹ̀ wọlé, tàbí kó fọ́. Bí ihò bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ẹni tó ń feyín ṣí ìgò, tó ń fọ́ eegun, tàbí tó ń payín keke lójú oorun, òun gan-an ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba owó rẹ̀ jẹ́. Obì lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe fífọ́.

Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, tí a sì ń fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí oúnjẹ bá ti ń há sí etí rẹ̀, tàbí tí omi tútù ń ta á níbẹ̀, kó tètè padà sọ́dọ̀ dókítà kí eyín náà tó di yíyọ.